Tower of Power ti ọdún 1973: ṣé kí n bá Lenny Williams lọ, àbí kí n jókòó ti Rick Stevens?

Báàsì_Mókọ́lá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Jìtá báàsì ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn. Olùdarí ẹgbẹ́ akọrin wa ló ní kí n lọ fetí sí Bump City, àwo tí Tower of Power, ẹgbẹ́ olórin sóòlù kan láti Amẹ́ríkà, ṣe ní 1972. Mo gbọ́ ọ, ó sì wọ̀ mí lára. "You're Still a Young Man" ò kúrò lẹ́nu mi mọ́, màmá mi ti bi mí pé ta ni mò ń bẹ̀.

Mo fẹ́ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e báyìí, èyí tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an pè ní 1973. Wọ́n ní Lenny Williams ló ń kọrin níbẹ̀, kì í ṣe Rick Stevens tó kọrin lórí Bump City. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n má wulẹ̀ fi dátà ṣòfò, pé ọjọ́ tí Rick Stevens kúrò ni adùn tán. Ẹlòmíràn ní ibẹ̀ gan-an ni adùn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Ẹ jọ̀ọ́, bí orin kan bá wà níbẹ̀ tí mo lè fi kọ́ ọwọ́ báàsì, ẹ tọ́ka sí i fún mi.

FèrèIdẹ
Gbọ́ "So Very Hard to Go" lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹni tó ní adùn ti tán yẹn, bi í bóyá ó gbọ́ àwo náà dópin.

Alágbà_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Àbúrò, jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe rí, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń lọ́jú pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ní Oakland, ní California, ni Emilio Castillo àti Stephen Kupka tí gbogbo èèyàn ń pè ní Doc ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1968. Àwo àkọ́kọ́ wọn, East Bay Grease, jáde ní 1970, Rufus Miller ló sì lé èyí tó pọ̀ jù nínú orin inú rẹ̀. Rick Stevens náà kọ "Sparkling in the Sand" níbẹ̀, àmọ́ orí Bump City ló ti wá di ẹni iwájú. Ẹni tó bá ń sọ pé ohùn Rick ni ohùn Tower of Power láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ bá a wí jẹ́jẹ́. Àwo mẹ́ta, olórin mẹ́ta. Pípààrọ̀ ẹni tó ń lé orin kì í ṣe nǹkan tuntun nílé wọn.

Ohun tí wọn kì í wá sọ ni pé Lenny Williams nìkan kọ́ ni àlejò lórí àwo 1973 yẹn. Bruce Conte ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí jìtá. Chester Thompson ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí dùùrù. Lenny Pickett ṣẹ̀ṣẹ̀ gba saksofóònù tẹ́nọ̀ tó ń ṣíwájú. Bí o bá gbọ́ àwo méjèèjì tẹ̀ léra, tí o sì ní wọ́n yàtọ̀, òótọ́ lo sọ, àmọ́ má di gbogbo ẹ̀ ru ẹni tó wà nídìí makirofóònù. Ẹni tó ń la ẹnu ni etí wa máa ń sáré bá.

Tí ọ̀rọ̀ bá di ti ọjà, àwo yẹn dé ipò 15 lórí àtẹ Billboard, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà. "So Very Hard to Go" dé ipò 17 lórí àtẹ orin ẹlẹ́yọ kan, nígbà tí "You're Still a Young Man" ti dé ipò 29 ní ọdún tó ṣáájú. Mi ò sọ pé ọjà la fi ń mọ orin tó dáa o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà kò sá.

ÌyáSóòlù
Alágbà, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Rick díẹ̀, kí ẹ má baà fi ẹnu pa á.

Rick máa ń jẹ́ kí ohùn òun ya. Lórí "Young Man" yẹn, àwọn fèrè ló kọ́kọ́ ké, wọ́n ké fẹ̀fẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọkùnrin yẹn tó wọlé, tó sì rọra wọlé. Obìnrin tó jù ú lọ ti sọ fún un pé ọmọdé ni, pé kó má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ náà lo ń gbọ́ ọ pé ọmọdé ni lóòótọ́. Ibi tí ohùn ti fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu, ibẹ̀ gan-an ni orin ti wà.

Tí ẹ bá wá gbé Lenny síbẹ̀, yóò kọ ọ́ dáadáa, kò sí àníàní. Yóò kọ ọ́ dáadáa jù. Lenny dà bí agbádá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, kò sí ibi tó ká. Èmi sì fẹ́ kí olórin sóòlù ká díẹ̀.

FèrèIdẹ
Ìyá wa, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò ní gbà. Irú orin wo ni wọ́n gbé fún Lenny? Lórí "So Very Hard to Go", ọkùnrin náà ti mọ̀ pé obìnrin yìí ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò ní dí i lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn òun. Àgbà ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Castillo àti Kupka yìí kan náà ló kọ orin méjèèjì, ẹ sì lè rí i pé ọ̀kan jẹ́ ti ọmọkùnrin, èkejì jẹ́ ti ọkùnrin. Ohùn tó ti gbó ló yẹ ẹ́.

Tromboni ni mò ń fọn ní ẹgbẹ́ wa, nítorí náà ibi tí etí mi máa ń lọ lè má jẹ́ ibi tí tiyín ń lọ. Àwọn fèrè ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Márùn-ún ni wọ́n lórí àwo yìí. Greg Adams àti Mic Gillette wà níbi trumpet, Pickett àti Castillo wà níbi tẹ́nọ̀, Doc Kupka gbé saksofóònù bárítóònù dání nísàlẹ̀. Fèrè márùn-ún kì í ṣe eré. Bí olórin kò bá mọ àyè fi sílẹ̀, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, tàbí kí òun àti wọn jọ máa pariwo lé ara wọn lórí. Lenny mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó lé gbólóhùn kan, ó yẹra, àwọn fèrè gbè é. Ó tún lé òmíràn. Gbogbo wa tí a dàgbà pẹ̀lú lílé àti ègbè mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan, ẹ ó ní ó mọ́ jù. Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú ègbè rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti wọn ohùn náà mọ́ iye àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Ó sì ní ìdí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó kọ́ trumpet fífọn ní iléèwé, ó tún jáde láti inú àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere ní agbègbè Oakland. Ìlú yẹn kan náà ni Edwin Hawkins, gbajúmọ̀ olórin ìhìnrere, ti wá. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin irú ibẹ̀ yẹn rí kò ní bẹ̀rù fèrè márùn-ún.

ỌmọOnílù
Gbogbo yín ń jà lórí ohùn, onílù kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ David Garibaldi 😂

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Orin àkọ́kọ́ lórí àwo náà ni "What Is Hip?". Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Garibaldi, Castillo àti Kupka ló jọ kọ ọ́. Ẹ má wá ìlù níbi tí ẹ ti máa ń rí i. Àwọn ìró ńlá wà lórí snare, ìlù kékeré tó máa ń wà níwájú onílù, tí gbogbo èèyàn ń gbọ́, àmọ́ láàárín wọn ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti ń fi igi họ awọ náà wẹ́wẹ́, tí ìró kéékèèké ń jáde tí etí ò ní tètè mú. Ẹni tó bá ti lu omele rí á mọ ibi tó ń sá pamọ́ sí. Ṣé ẹ wá gbọ́ báàsì Rocco Prestia lábẹ́ rẹ̀? Kò rìn jìnnà rárá. Ohùn kan náà ló ń tẹ̀ ṣáá, kíá-kíá-kíá-kíá, mẹ́rin nínú ìdá kọ̀ọ̀kan, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, kí ni ẹ fẹ́ kí olórin ṣe lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Bó bá fa ohùn gùn, orin á kún àkúnya. Bó bá ń gbin bíi Rick, ta ló máa gbọ́ ọ? Lenny já ọ̀rọ̀ sí kúkúrú, ó gún un mọ́ ìlù. Orin náà ń fi àwọn tó ń sá tẹ̀ lé àṣà ìgbà ṣe yẹ̀yẹ́, pé ohun tó lòde lónìí lè ti di àlòkù lọ́la, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bini léèrè lójú ọ̀nà. Mo gbà pẹ̀lú Ìyá wa pé Rick ní ìbànújẹ́ lóhùn. Àmọ́ orin yìí kò béèrè ìbànújẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

ÌyáSóòlù
Ó dáa, mo fún yín ní "What Is Hip?". Ẹ gbà á. Ẹ fún mi ní "Down to the Nightclub" lórí Bump City, ká jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Mo ń rí i tí àwọn èèyàn máa ń kọ̀wé bí ẹni pé wọ́n kàn lé Rick dànù torí kò mọ orin kọ. Ayé rẹ̀ ló dàrú. Ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ẹjọ́ ìpànìyàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní 1976, lẹ́yìn tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, gbé e lọ sẹ́wọ̀n, ọdún 2012 ló tó jáde, ó sì kú ní 2017. Ohùn tó wà lórí Bump City yẹn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Lenny, tí kò lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí àga.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta
Èmi ò mọ trumpet yàtọ̀ sí tromboni o. Mo kàn fẹ́ sọ pé ẹ gbọ́ "Soul Vaccination". Àìsàn kan ń jà káàkiri ìlú, àìsàn àìní sóòlù, wọ́n wá ń pe gbogbo èèyàn kí wọ́n jáde wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo fi í sí fóònù mi, ọ̀gá mi gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù, a rẹ́rìn-ín títí.

Ará_Peckham
Ẹ kú àárọ̀ láti London. Ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò wa sọ nǹkan kan tó ṣe kókó kó tó máa fi dátà wá orin kiri. Bó o bá tẹ orúkọ "You're Still a Young Man" síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, oríṣiríṣi ló máa jáde. Ẹgbẹ́ yìí ti kọ ọ́ lórí ìtàgé lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú oríṣiríṣi olórin. Èyí tó wà lórí Live and in Living Color ti 1976, Hubert Tubbs ló kọ ọ́, kì í ṣe Rick, kì í ṣe Lenny. Mo ti rí ẹni tó ń yin Rick nítorí ohun tó jẹ́ pé Tubbs ló ń gbọ́. Nítorí náà, wo orúkọ àwo, wo ọdún. Bí kò bá ti sí 1972 níbẹ̀, kì í ṣe ti Bump City.

Ẹ̀rọ ìwákiri á tún dà ọ́ láàmú lórí Chester Thompson. Méjì ni wọ́n, Amẹ́ríkà sì ni àwọn méjèèjì. Èyí tó ń tẹ dùùrù níbí ló wá lọ bá ẹgbẹ́ Santana lẹ́yìn náà. Èkejì onílù ni, òun ló lu ìlù fún àwọn ẹgbẹ́ Weather Report àti Genesis. Ó tún wá jẹ́ pé Lenny méjì ló wà lórí àwo kan ṣoṣo yìí, ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń fọn fèrè. Bí ẹnìkan bá ní "Lenny ṣe bẹbẹ", bi í pé Lenny wo.

ỌmọOnílù
Lenny Pickett ló ṣe bẹbẹ 😂😂 Ibi tó máa ń fọn dé lókè yẹn, ajá nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Alágbà_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní pa mí. Mo fẹ́ fi ọ̀kan ti ilé wa kún un. Ní 1973 yìí náà ni Gentleman ti Fela jáde. Igo Chico tó ń fọn tẹ́nọ̀ fún un ti bínú lọ. Fela fúnra rẹ̀ kó sídìí saksofóònù tẹ́nọ̀, ó kọ́ ọ, òun ló sì fọn ọ́n lórí àwo náà. Ta ló wá gbọ́ Gentleman tó ní kí wọ́n lọ dá Igo Chico padà wá? Ẹgbẹ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá dúró, tí onílù àti onígìtá báàsì bá mọ ara wọn, ẹni iwájú lè yí padà kí ilé má wó.

ÌyáSóòlù
Alágbà, ẹ má bínú, kò jọra. Ohùn Fela ni ohùn ẹgbẹ́ rẹ̀, Africa 70. Fèrè ló yí padà, ohùn kò yí. Ká ní Fela ló lọ tí Igo Chico wá ń kọrin ńkọ́?

Alágbà_Rẹ́kọ́ọ̀dù
Hmm. Ẹ mú mi níbẹ̀ yẹn.

Ará_Peckham
Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tower of Power gan-an lè ran àríyànjiyàn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn 1973, Lenny bá wọn ṣe Back to Oakland ní 1974, lẹ́yìn ìyẹn Urban Renewal. Ó wá lọ dá dúró. Tubbs gba ipò rẹ̀, wọ́n ṣe In the Slot ní 1975. Àwo yẹn kò burú, Garibaldi wà níbẹ̀, "Ebony Jam" wà níbẹ̀ tí kò tilẹ̀ ní olórin kankan nínú. Àmọ́ kò sí orin kan níbẹ̀ tí mo lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ "So Very Hard to Go". Nítorí náà èmi ò lè bá ẹni tó ní olórin ò já mọ́ nǹkan kan lọ. Ìpìlẹ̀ dúró, fèrè dúró, síbẹ̀ nǹkan kan kù.

Lenny ní tiẹ̀ kò pòórá. Òun ló kọ "Cause I Love You" ní 1978, èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ "oh oh oh" títí tí ìwọ alára á fi fẹ́ bá a bẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti gbọ́ ọ láìmọ̀: inú "Overnight Celebrity" ti Twista, olórin ráàpù, ní 2004 ni wọ́n ti gé e lò. Ìyá wa, ẹ lọ gbọ́ ìyẹn, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá agbádá náà kò ká.

ÌyáSóòlù
Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Ó ká. Ó ká dáadáa! Kí ló dé tí kò fi kọrin bẹ́ẹ̀ ní 1973?

FèrèIdẹ
Torí fèrè márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá wa. Ohun tí mo ti ń sọ láti àná nìyẹn 🙏🏾

Báàsì_Mókọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá wa. Mo ti gbọ́ àwo náà láti orí dé ìdí. Apá kejì ló wù mí jù, láti "So Very Hard to Go" bọ́ sí "Soul Vaccination". "Will I Ever Find a Love?" kò dì mí mú, mo fò ó. "Clever Girl" ló yà mí lẹ́nu, ó tutù lẹ́yìn gbogbo ariwo "What Is Hip?". Mo ṣì fẹ́ràn Rick. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan tí màá fi kọ́ iṣẹ́, ti 1973 ni màá mú.

Ọwọ́ mi ni ìṣòro. Mo gbìyànjú "What Is Hip?", lẹ́yìn ẹsẹ àkọ́kọ́ apá mi ti gan. Ìró tèmi sì ń wú, kò gé bíi ti Rocco.

Jìtá_Àgbà
Àbúrò, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ibi tó kàn mí nìyí.

Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún ló ń gé ìró Rocco, ọwọ́ òsì ni. Lẹ́yìn tí ìró bá ti jáde, má gbé ìka kúrò lórí okùn, má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Dẹ̀ ẹ́ kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Okùn á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Fi àwọn ìka yòókù tí kò níṣẹ́ sinmi lórí okùn bákan náà, kí èyí tí o kò ta má baà máa hu. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ìka méjì, atọ́ka àti ti àárín, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, má jẹ́ kí ọ̀kan tún ara rẹ̀ ṣe. Ta á jẹ́jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí apá wọn ń gan, agbára ni wọ́n ń lò níbi tí wọn ì bá ti yí ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ sókè.

Má fi "What Is Hip?" bẹ̀rẹ̀. "Soul Vaccination" ni kó o kọ́kọ́ mú, torí báàsì ibẹ̀ ní ìlà tí o lè fi ẹnu kọ. Kọ ọ́ lẹ́nu ná kó o tó ta á. Fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìdá orin, sí i, kó lọ́ra débi tí ojú á fi máa tì ọ́, ibẹ̀ ni kó o wà títí gbogbo ìró á fi dọ́gba. Ìgbà tó bá dọ́gba lo tó lè fi kún eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí apá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́ wọnú egungun, gbé jìtá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Èyí tó kù ni pé o ò lè dá a ṣe. Ìwọ àti onílù yín ni kí ẹ jọ jókòó, láìsí olórin, láìsí dùùrù, kí ẹ ta á léraléra títí á fi sú yín. Sọ fún un pé kó má sáré.

Báàsì_Mókọ́lá
Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Onílù wa gan-an ni ìṣòro. Ó máa ń sáré nínú orin ìyìn, ó tún máa ń sáré nínú orin ìsìnkú. Ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ̀rọ̀ kan sí i níbí, kí n fi hàn án lọ́jọ́ Sátidé? Tó bá jẹ́ èmi ló sọ fún un, kò ní gbọ́.

ỌmọOnílù
Má fi ọ̀rọ̀ hàn án. "What Is Hip?" ni kó o fún un, kó fi metronome sí i, kó lu snare yẹn pẹ̀lú gbogbo ìró kéékèèké rẹ̀. Bó bá sáré, yóò pàdánù wọn kí ó tó dé ibi tí Lenny ti wọlé.